Ejò Tó Ń Fara Hàn Lọ́jọ́ Jímọ̀

Ilo-Awela, Ṣàngó-Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, 1988.

Ràbíátù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ìlú Òyìnbó ò tíì gbé ọ lọ? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìjọba kọ́ la máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di oṣù mẹ́ta báyìí tí o ti kọ̀wé kẹ́yìn. Ìyá rẹ ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Mo ní iṣẹ́ kì í pọ̀ débi tí ọwọ́ ò fi ní ráyè mú bírò.

Wọ́n ti dá mi dúró níléeṣẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ. Wọ́n kàn lẹ ìwé mọ́ géètì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ò jẹ́ kí òwú wọlé láti òkè òkun mọ́, nítorí náà kí àwa tí orúkọ wa wà nínú ìwé náà lọ sinmi nílé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó rẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Mísítà Pítà, Òyìnbó tó jẹ́ máníjà wa, ń lọ sílùú rẹ̀ títí ìjọba yóò fi fún wọn níwèé àṣẹ òwú. Ó ní ejò kan tó ń sìn nínú yàrá rẹ̀. Ojúlówó ejò ni o, erè ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Ó sanra tó ọrùn ọwọ́ mi, kò sì gùn púpọ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká jọ rogodo bíi bọ́ọ̀lù, yóò fi orí pamọ́ sáàárín. Púríǹsì lorúkọ rẹ̀. Òyìnbó kó gbogbo àwa tí wọ́n dá dúró jọ síwájú ọ́físì, ó ní òun ò lè gbé e wọ bàálù, pé ẹni tó bá tọ́jú Púríǹsì títí òun yóò fi dé, ẹni náà lòun yóò fi ṣe sítọ́ọ̀kípà. Gbogbo wọn sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan. Èmi ò tètè sún. Bí mo ṣe di olùtọ́jú ejò nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́ládé, tó ń tọ́jú ìwé òṣìṣẹ́, wá gbé àṣẹ tiẹ̀ kalẹ̀. Ó ní àwọn kan ti ń gba epo lórí jẹnẹrétọ̀ tó ti kú láti èṣí, ojú òun sì ti là. Kí n máa gbé ejò wá sí ọ́físì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kóun lè fojú rí i pé ó wà láàyè, kóun sì buwọ́ lù ú nínú rẹ́jísítà. Ọjọ́ tí òun ò bá ti rí i, òun yóò fi bírò pupa fa igi lé e lórí. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀kípà bọ́ sọnù nìyẹn.

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti wà lọ́dọ̀ mi, kò jẹun. Mo fún un ní ẹ̀kọ, kò wò ó. Mo fún un lẹ́yin bíbọ̀, mo fún un lẹ́ja yíyan, mo fún un lẹ́ran tí èmi fúnra mi ò fẹnu kàn láti ọjọ́ iléyá. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ló ń gbéra ga sí?

Ìwọ lo kọ̀wé pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn lo ti ń ṣiṣẹ́ bó o bá ti dé láti ilé ìwé, níbi tí wọ́n ti ń ta ehoro fún ẹni tí kò ní í jẹ ẹ́. Kọ ohun tí mo máa ṣe ránṣẹ́ kíá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Nùrẹ́nì Ọ̀ṣìnúbí.


Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 1988.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí màmá mi. Ẹ kú àìrójú, ẹ kú ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo sunkún nígbà tí mo ka ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé wọ́n lẹ orúkọ yín mọ́ géètì. Nígbà tí mo ka ibi ẹ̀kọ, mo rẹ́rìn-ín, ẹ foríjì mí. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni lẹ́tà yín fi rìn kó tó dé.

Bàbá mi, ejò kì í jẹ ẹ̀kọ. Kì í jẹ ẹyin bíbọ̀. Eku ni oúnjẹ rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá. Kí eku náà má sanra ju ibi tí ejò fúnra rẹ̀ ti sanra jù lọ. Ẹ kọ́kọ́ pa á, torí èkúté tó wà láàyè lè bu ejò jẹ. Ẹ fi ẹ̀mú dì í mú nírù, kẹ́ ẹ rọra mì ín níwájú rẹ̀ lójú àṣálẹ́, kì í ṣe lọ́sàn-án gangan. Bí kò bá gbà á, ẹ gbé e kúrò, ẹ má jà. Ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbé e, torí bí ọwọ́ yín bá ń rùn bí eku, á rò pé oúnjẹ ni. Bó bá sì ti jẹun tán, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì gbáko, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò pọ̀ ọ́ jáde.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má gbé e, ẹ má kí i, ẹ má jẹ́ kí àlejò wá wò ó. Inú àpótí kékeré tó há, tó ṣókùnkùn, tí ara rẹ̀ á máa kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbẹ̀ lọkàn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀. Ẹ gbé omi síbẹ̀. Níbí, iná mànàmáná la fi ń mú un gbóná. Lọ́dọ̀ yín, Ọlọ́run ń ṣe ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń bọ̀ tó lè bá mi mú gààrí wá? Ẹ kọ̀wé.

Ọmọ yín,
Ràbíátù.


Ilo-Awela, Ṣàngó-Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá, 1988.

Ràbíátù,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Inú bí mi, mo gbé e sílẹ̀, mo tún un kà, inú tún bí mi.

Àlejò tí Òyìnbó fi sọ́wọ́ mi, kí n kì í bọ àpótí bàtà? Ṣé bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ìyá rẹ ni mo fi í sí, èyí tó wà ní pálọ̀. A kó àwo jáde fún un. Èmi àti ìyá rẹ àtàwọn àbúrò rẹ mẹ́rin wà nínú yàrá kan, òun nìkan wà nínú gíláàsì, ó nà gbalaja, gbogbo àdúgbò ń wá kí i láàárọ̀. Ẹni tó bá wọlé yóò ní, "Púríǹsì, ẹ ǹlẹ́ o." Kì í dáhùn. Wàá sọ pé kí wọ́n má kí i. Ta ni mo máa lé jáde nílé mi nítorí ejò?

O ní kí n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ sọ ìyẹn fún Gbọ́ládé.

Jẹ́ kí n ròyìn ọjọ́ Jímọ̀ fún ọ. Inú agbọ̀n tó ní ìdérí ni mo máa ń gbé e sí. Bí mo bá ti wọ mọ́tò, mo máa ń sọ fún wọn pé ejò ni, torí irọ́ ò dáa lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ kí a tó dé Toll Gate. Báyìí, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti mọ̀ mí. "Bàbá Eléjò, ó ti jẹun?" "Kò tíì jẹun." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ wá o!" Bí mo bá wá dé ọ́físì, Gbọ́ládé yóò ní kí n gbé e lé orí tábìlì. Ejò yóò ká jọ rogodo. Gbọ́ládé yóò ní òun ò rí orí. Yóò mú rúlà, yóò fi gún un nígbáàyà. "Ó gbọ́dọ̀ mira kí n tó buwọ́ lù ú. Àgádágodo náà lè jókòó báyìí." Bí kò bá mira, yóò kọ "Kò dáhùn" sínú rẹ́jísítà, a ó sì dúró títí yóò fi mira. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a dúró títí wọ́n fi pèrun.

Mo gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí bẹ́ẹ̀. Lèmọ́mù ní kí n fi agbọ̀n sílẹ̀ níbi tí a ń kó bàtà sí. O mọ̀ pé kò sí Jímọ̀ kan tí wọn kì í jí bàtà níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bàtà ẹnì kankan ò sọnù. Ìjọ ti bẹ̀ mí pé kí n máa gbé e wá. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tí ejò yìí tíì ṣe láti ìgbà tó ti dé.

Kí lẹ́tà rẹ tó dé, mo ti fi èkúté ńlá kan sínú gíláàsì fún un, láàyè. Èkúté bẹ̀rù fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò sí nǹkan kan, ó fi ìrù ejò ṣe ìrọ̀rí, ó sùn. Nígbà tó jí, ó bu ejò jẹ lẹ́yìn. Kí ni wọ́n ń pè é ní ejò fún?

Gààrí tó o ń béèrè ti di wúrà. Máa jẹ ohun tí wọ́n bá fún ọ níbẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ṣàngó-Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kìíní, 1989.

Ràbíátù, ọkọ mi,

Ìyá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Àpọ́nlé aránṣọ ló ń bá mi kọ ọ́. Bàbá rẹ ò mọ̀, má sì jẹ́ kó mọ̀.

Àwo mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Méjì ti fọ́. Mi ò bínú sí ìyẹn. Ọyẹ́ ti dé, ara ejò ti gbẹ, ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí ojú arúgbó tí kò ríran mọ́. Bàbá rẹ fẹ́ da oògùn ojú tiẹ̀ sí i. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjìlá nìyí tí nǹkan ọ̀hún ò tíì jẹun, bàbá rẹ náà ò sì jẹun dáadáa mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wo inú gíláàsì. Bí ejò yìí bá kú, mo mọ ẹni tó máa tẹ̀ lé e.

Ìwọ lo kàwé. Kọ ohun tó máa jẹ́ kó jẹun. Bí kò bá sí, kọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé iṣẹ́ ti lọ.

Àpọ́nlé ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o lè fi àlùmọ́gàjí kan ránṣẹ́.


Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, 1989.

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ máa béèrè bí mo ṣe mọ̀ nípa ojú ejò. Ẹ má béèrè.

Ojú tó funfun yẹn kì í ṣe àìsàn. Ejò fẹ́ bọ́ awọ ni. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í ríran dáadáa, kì í fẹ́ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹ́ kí ọwọ́ kan òun. Ẹ fi aṣọ tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí ọyẹ́. Ẹ má fa awọ náà ya. Àìjẹun rẹ̀ náà kì í ṣe àjẹ́. Irú erè yìí lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó má kú, bí ẹ̀rù bá ń bà á ni kì í jẹun.

Ẹ̀rù kí ló wá ń bà á? Bàbá mi, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ gbà mí láyè. Ọjọ́ mẹ́fà ni ẹ fi ń wá bí ọkàn rẹ̀ á ṣe balẹ̀, ní ọjọ́ keje ẹ ó gbé e lọ kí Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́ládé fi rúlà gún un kó lè mọ̀ pé kò tíì kú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àrùn tó ń ṣe é! Kò sí oògùn ọjọ́ Jímọ̀ nínú ìwé kankan tí mo kà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ẹ sọ fún ọkùnrin náà kó wá wò ó nílé. Bó bá kọ̀, ẹ má gbé e lọ mọ́. Ẹ mú un kúrò nínú gíláàsì. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa buwọ́ lu ìwé títí tẹ́ ẹ ó fi sin ín.

Ràbíátù.


Ilo-Awela, Ṣàngó-Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, 1989.

Ràbíátù,

Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ló kọ̀wé. Àpọ́nlé ò lè pa ẹnu mọ́.

Mo ṣe bó o ṣe wí. Bí o bá ti pa mí lẹ́kún, kí Ọlọ́run foríjì ọ́.

Mo lọ bá Gbọ́ládé lọ́wọ́ òfo. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́ládé, ẹ wá wò ó nílé, ẹsẹ̀ yín ò ní dun yín." Ó ní, "Bàbá, ọ́físì kì í rìn lọ kí ejò." Mo ní, "Gbígbé tí mò ń gbé e wá níbí ló ń pa á." Ó ní, "Èmi ò ní kó kú. Èmi ń béèrè bóyá ó wà láàyè ni." Mo ní ó wà láàyè. Ó ní, "Ẹ̀rí dà?" Mo ní, "Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí." Ó ní, "Ìwọ kọ́ ni ejò."

Jímọ̀ méjì ni mi ò gbé e lọ. Ní Jímọ̀ kejì, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé iléeṣẹ́ bá mi kẹ́dùn ikú Púríǹsì. Mo lọ wo rẹ́jísítà fúnra mi. Ó ti fi bírò pupa fa igi gbọọrọ. Orí ìlà kan náà ló kọ orúkọ wa sí tẹ́lẹ̀, "Púríǹsì, erè, àti olùtọ́jú rẹ̀, N. Ọ̀ṣìnúbí." Igi kan náà ló gba orí àwa méjèèjì kọjá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí: "Wọ́n ti kú."

Mo ti gbé e kúrò nínú gíláàsì. Ìkòkò omi ìyá rẹ àtijọ́ tó fọ́ lẹ́nu ni mo dojú rẹ̀ dé sínú àpótí, ejò gba ibi tó fọ́ wọlé lọ, kò sì jáde mọ́. Mo fi aṣọ tútù síbẹ̀. Ó bọ́ awọ, awọ náà jáde lódindi, títí dé ibi ojú. Ṣùgbọ́n kò tíì jẹun. Bó bá kú báyìí, òtítọ́ ni Gbọ́ládé kọ, èmi ni òpùrọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Bàbá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, 1989.

Bàbá mi,

Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ, ẹ ò fèsì. Ó ti lé ní oṣù méjì. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ fi èébú náà sínú àpòòwé kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ti kú, èmi ni mo jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, mi ò ní jiyàn. Ẹ ṣáà sọ fún mi.

Ràbíátù.


Ilo-Awela, Ṣàngó-Ọ̀tà.
Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún, 1989.

Ràbíátù ọmọ mi,

O kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mo kọ̀wé sí ọ lóṣù kẹta. Kí lẹ́tà tó kúrò ní Ọ̀tà, sítáǹpù ti gbówó lórí sí i. Wọ́n dá a padà fún mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bí ẹni pé mo jí i.

Òkú jẹun. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ni, lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́. Mo fi ẹ̀mú mi èkúté kan lẹ́nu ìkòkò bó o ṣe wí, láìretí. N ò tiẹ̀ rí i nígbà tó jáde. Ẹ̀mú kàn já gbà lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ hó, ó tún sáré fọwọ́ bo ẹnu kó má dẹ́rù bà á. Láti ìgbà náà, ọjọ́ mẹ́wàá kan kì í yẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, bí mo bá ń ṣínu, òun náà ń ṣínu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ààwẹ̀ ni Gbọ́ládé sáré dé ilé mi. Ilé tí ọ́físì kì í rìn dé. Òógùn bò ó.

"Bàbá Eléjò, ẹ jọ̀ọ́, ejò dà?"

Mo ní, "Ejò wo?"

"Púríǹsì! Mísítà Pítà ti dé láàárọ̀ yìí. Mo sọ fún un pé ó ti kú, ó ní kí n fi sàréè hàn òun."

"Fi hàn án. Rẹ́jísítà ni sàréè rẹ̀."

"Bàbá, ẹ má ṣeré báyìí. Àwọn ará àdúgbò ní ó wà níbí. Ẹ gbé e wá."

Mo ní, "Ó jẹun lánàá. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la."

"Òyìnbó ń dúró ní ọ́físì!"

"Fún un ní àga."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Òyìnbó fúnra rẹ̀ wá. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa. Ó yọjú wo ẹnu ìkòkò láìfọwọ́ kan nǹkan kan, ó wo omi, ó wo awọ ejò tí mo fi kọ́ ògiri. Ó ní nínú gíláàsì lòun náà ń fi í sí, pé lọ́dọ̀ òun, kì í jẹun dáadáa bẹ́ẹ̀. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo mú lẹ́tà rẹ, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo fo ibi tó o ti sọ pé o rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ejò rẹ̀ lọ tòun ti ìkòkò. Ó ní iṣẹ́ sítọ́ọ̀kípà di tèmi.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Gbọ́ládé ṣí rẹ́jísítà. Ó ní Òyìnbó ti fojú ara rẹ̀ rí ejò, ejò ti jí dìde. Ṣùgbọ́n ta ló rí olùtọ́jú? Igi pupa ṣì wà lórí orúkọ mi, a kì í sì í pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ́jísítà. Kí n máa wá fara hàn ní ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra, kóun rí i dájú pé mo wà láàyè. Mo lọ fẹjọ́ sun Òyìnbó. Ó ní ìlànà ni.

Mo lọ. Jímọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà. Àwọn akọ̀wé wá ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ní, "Bàbá Eléjò, ẹ ǹlẹ́ o." Jímọ̀ kejì, ó ní kí n mira díẹ̀. Mo mira. Ọdún mẹ́rìnlá, Ràbíátù! Lánàá tó jẹ́ ẹ̀kẹta, ó tún ní kí n mira, inú bí mi, mo gan síbẹ̀. Ó mú rúlà, ó fi gbá mi léjìká pẹ́ẹ́. Mi ò mira. Mò ń wo bí ó ṣe ń kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà: "Kò dáhùn." Lẹ́yìn náà ló buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti délé lánàá ni mo ti wà nínú yàrá. Mo kọjú sí ògiri, mo ká ẹsẹ̀ jọ, mo fi apá borí. Ìyá rẹ gbé ìrẹsì wá, mi ò wò ó. Àwọn ará àdúgbò fẹ́ wọlé wá kí mi kú oríire. Mo ní kó pa ilẹ̀kùn dé, kó gbé omi sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà báyìí, kò wọlé. Ó ní kí n bi ọ́, nínú ìwé tó o kà, ọjọ́ mélòó ni.

Bàbá rẹ,
Nùrẹ́nì Ọ̀ṣìnúbí.